Ìdájọ́ Hunter àti Ìtàn Àtúnṣe Kèrékèré Orúnkún

Ní ọdún 1743 ni a ka iṣẹ́ William Hunter, oníṣègùn ọmọ Scotland, níwájú ẹgbẹ́ Royal Society ní Lọ́ńdọ́nù. Ohun tí ó wí ni pé bí kèrékèré oríkèé bá ti bàjẹ́, kì í padà bọ̀ sípò mọ́. Kèrékèré yìí ni ohun funfun tí ń dán tí ó bo orí egungun, tí kì í jẹ́ kí egungun ha egungun. Àwọn kan a máa sọ pé ọdún 1994 ni a já ìdájọ́ náà ní koro. Èrò tiwa ni pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ tán.

Ojú ọgbẹ́ lára awọ ń jinná nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ń gbé ohun àtúnṣe wá síbẹ̀. Kèrékèré kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ rárá. Ìwọ̀nba sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ sì wà ní àhámọ́. Ìdí nìyí tí K. H. Pridie ti Bristol fi ń lu egungun abẹ́ rẹ̀ ní ihò, kí ẹ̀jẹ̀ lè sun jáde. Ó ròyìn rẹ̀ ní 1959. Ohun tí ń hù níbẹ̀ jọ àpá ju kèrékèré lọ.

Ọ̀nà mìíràn ni Lars Peterson, Mats Brittberg, Anders Lindahl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tọ̀ ní Gothenburg, ní ilẹ̀ Sweden. Láti 1987 ni wọ́n ti ń bu díẹ̀ lára kèrékèré tí ó ṣì dára ní orúnkún aláìsàn. Wọn a tú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sílẹ̀, wọn a tọ́jú rẹ̀ nínú ìgò fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí ó lè pọ̀ sí i, wọn a sì dà á sí ojú ọgbẹ́, lábẹ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n bó lára egungun ojúgun. Nínú aláìsàn 23 tí wọ́n ròyìn ní 1994, ọgbẹ́ 16 wà ní ìsàlẹ̀ egungun itan. Ara 14 nínú wọn yá dáadáa lẹ́yìn ọdún méjì. Ṣùgbọ́n nínú àwọn 7 tí tiwọn wà lẹ́yìn egungun kékeré iwájú orúnkún, 2 péré ni ó rí bẹ́ẹ̀. Iye kejì yìí ni a kì í sábà gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ní àwọn mìíràn tí wọn ìbá fi wọ́n wé. Síbẹ̀, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí títà irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀, tí a pè ní Carticel, ní 1997. Ní 2004 ni Knutsen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Norway tó ròyìn bí wọ́n ṣe pín aláìsàn 80 sí ọ̀nà méjì: wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì tọ́jú 40, wọ́n sì gún egungun 40 yòókù ní ihò wẹ́wẹ́, ọ̀nà tí ó jẹ́ ìbátan ti Pridie. Lẹ́yìn ọdún méjì, ti sẹ́ẹ̀lì kò sàn ju ti ihò lọ.

Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì wá borí ihò, nínú ìròyìn Saris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 2014, orí awọ tí a fi kólájìnnì ara ẹlẹ́dẹ̀ ṣe ni a ti gbìn ín, ọgbẹ́ tí ó fẹ̀ ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 3 níbùú-lóòró tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nìkan ni a sì gbà wọlé. Èyí ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá 2016, lábẹ́ orúkọ MACI.