Àjọ Ìrékọjá: Oúnjẹ Tó Ń Pìtàn

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ta ló ti ka Ẹ́kísódù orí 12 tí kò mọ̀ nípa àjọ Ìrékọjá? Ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́ àgùntàn lára òpó ilẹ̀kùn, ìyẹ̀fun tí kò ráyè wú, ìrìn òru kúrò ní Íjíbítì. Ohun tó wù mí kí n bá yín sọ ni bí àwọn Júù ṣe sọ ìtàn yẹn di oúnjẹ, tí wọ́n sì ń fi bọ́ ọmọ wọn láti ayébáyé.

Nígbà tí tẹ́ḿpìlì ṣì wà ní Jerúsálẹ́mù, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pa ọ̀dọ́ àgùntàn àjọ náà. Lọ́dún 70 lẹ́yìn ìbí Jésù, àwọn ọmọ ogun Róòmù dáná sun tẹ́ḿpìlì. Bí ojúbọ bá jó, ṣé àjọ ò ní tẹ̀ lé e? Àwọn olùkọ́ wọn, tí wọ́n ń pè ní rábì, gbé àjọ náà wọnú ilé. Tábìlì oúnjẹ di pẹpẹ. Nínú Míṣínà, ìwé òfin tí wọ́n kó jọ ní nǹkan bí ọdún 200, ètò alẹ́ náà ti wà ní kíkọ: ife wáìnì mẹ́rin, ewé kíkorò, àti ìbéèrè ọmọ.

Seder ni wọ́n ń pe alẹ́ náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ò ju “ètò” lọ. Oṣù Nísánì ni àjọ náà ń bọ́ sí. Ọjọ́ méje ni ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ Júù tó wà nílẹ̀ òkèèrè ń fi ọjọ́ mẹ́jọ ṣe é. Kó tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á gbálé gbátà. Lálẹ́ tó ṣáájú, wọ́n á tan àbẹ́là, wọ́n á fi ìyẹ́ ẹyẹ gbá èérún búrẹ́dì jáde ní kọ̀rọ̀, wọ́n á sì sun ún tílẹ̀ bá mọ́. Ohun tó ní ìwúkàrà ò gbọdọ̀ ṣẹ́ kù nílé. Matzah tí wọ́n ń jẹ, ìyẹ̀fun àti omi lásán ni. Láti ìgbà tí omi bá ti kan ìyẹ̀fun, wọn ò gbọdọ̀ jẹ́ kó ju ìṣẹ́jú 18 lọ kó tó jinná, kó má baà wú.

Gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì ló ń sọ̀rọ̀. Ewé kíkorò ni ìyà oko ẹrú. Omi iyọ̀ ni omijé. Èso tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n pò mọ́ wáìnì, ni amọ̀ tí àwọn baba ńlá wọn fi mọ bíríkì fún Fáráò. Ọmọ tó kéré jù á wá béèrè ohun tó mú kí alẹ́ yìí yàtọ̀. Bí kò bá sọ́mọ nílé, ìyàwó á bi ọkọ. Ẹni tó dá wà á bi ara rẹ̀! Ẹni tó ń dáhùn ò ní máa sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ àwọn tó ti kú tipẹ́; “àwa” ni yóò lò. Àwa tá à ń kọ́ Yorùbá mọ irú èyí. Bí ẹnì kan bá ń ki èèyàn ní oríkì orílẹ̀, ohun tí baba ńlá rẹ̀ ṣe láyé àtijọ́, ojú ẹni tó dúró síwájú rẹ̀ ló ń sọ ọ́ sí.

Tí wọ́n bá dé ibi ìyọnu mẹ́wàá, wọ́n á máa ro wáìnì díẹ̀díẹ̀ dànù, ẹ̀kán kan fún ìyọnu kan. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé àwọn ará Íjíbítì tó kú náà, èèyàn ni wọ́n, ayọ̀ ò sì gbọdọ̀ kún ife nígbà tí èèyàn kú. Ibí yìí ló wọ̀ mí lára jù. Ẹni tó bọ́ lóko ẹrú, tó tún ń bu ayọ̀ ara rẹ̀ kù nítorí ọ̀tá!

Àwọn tó ń ṣe é ò fìgbà gbogbo rí ìdẹ̀ra. Lọ́dún 1492, ọba àti ayaba Sípéènì lé àwọn Júù jáde nílùú. Lára àwọn tó gba ìrìbọmi kí wọ́n má baà lọ, àwọn kan ń jẹ matzah níkọ̀kọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹjọ́ ńlá ni tí àṣírí bá tú. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ọdún 1943, tí àjọ náà máa bẹ̀rẹ̀ lálẹ́, àwọn ọmọ ogun Násì ya wọ àdúgbò tí wọ́n há àwọn Júù mọ́ ní Warsaw, láti kó àwọn tó kù lọ pa. Àwọn ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn ò ju tiwa lọ gbé ìbọn péńpé kò wọ́n lójú. Lóru ọjọ́ yẹn, bí ìbọn ṣe ń dún lókè, àwọn kan ṣì ń ṣe Seder nínú ihò abẹ́ ilẹ̀.

Àrọ́bá ni baba ìtàn, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nílé tiwa, ọmọdé tó bá béèrè ọ̀rọ̀ níbi tí àgbà ti ń ṣètò, “Dákẹ́ jẹ́ẹ́” la máa ń sọ fún un. Àwọn Júù ní tiwọn sọ pé tọ́mọ ò bá béèrè, alẹ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé ìyẹn wà lára ohun tí iná Róòmù ò rí jó. Tí ẹ bá délé fún ọdún Iléyá tàbí Kérésì, tí àbúrò yín bá bi ìyá àgbà ní ìdí tí ẹ ò fi ń jẹ ẹran kan nídìílé yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ jọ gbọ́ èsì.