OWÓ-ORÍ: LÁTI ỌWỌ́ AKÓDÀ DÉ INÚ OWÓ OṢÙ

Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ owó-orí ni a fẹ́ bá yín sọ, pàápàá ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ àkọ́kọ́. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ni ó ń bi wá léèrè pé: "Iye tí wọ́n bá mi sọ kọ́ ni mo rí gbà. Ta ni ó mú ìyókù?" Bí a bá dáhùn pé ìjọba ni, a kò tíì sọ̀rọ̀ tán. Ó yẹ kí wọ́n mọ bí ìjọba ṣe dé inú owó oṣù, kí wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n lè ṣe bí wọ́n bá yọ ju èyí tí ó tọ́ lọ.

BÍ OWÓ-ORÍ ṢE DÉ ILẸ̀ WA

Kí òyìnbó tó dé, àwọn baba wa mọ ohun tí à ń pè ní owó ìlú. Oníṣòwò ń san owó oníbodè. Ẹni tí ó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ń san ìṣákọ́lẹ̀. Ìlú kékeré a sì máa sin ọba ńlá. Ìjọba amúnisìn ni ó mú kíka orí lọ́dọọdún wá, tí ó fi di pé tolówó tòtòṣì ń san iye kan náà. Orúkọ tí a sọ ọ́ sì fi bí ó ti rí hàn: owó-orí.

Kò wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní 1916, ọdún tí wọ́n mú un dé agbègbè Ọ̀yọ́, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Ìsẹ́yìn àti Òkèhò, owó-orí sì wà lára ohun tí ó fà á. Ní 1918 ó dé Abẹ́òkúta, ni Ogun Àdúbì bá ṣẹlẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá wú irin ojú ọ̀nà rélùwéè, wọ́n pa Ọ̀ṣilẹ̀ Òkè-Ọnà, sójà ìjọba sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn kí ọ̀rọ̀ náà tó rọlẹ̀.

Ní Abẹ́òkúta yìí kan náà, àwọn obìnrin pẹ̀lú ń san owó-orí tiwọn. Láti ọmọ ọdún 15 ni ọmọbìnrin ti ń san án, nígbà tí ọmọkùnrin ń bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 16. Ní ìparí 1947, ìyá wa Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin lọ sí ààfin Aké, wọ́n ní àwọn kò san mọ́. Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìlú sílẹ̀ ní 1948, ó fi orí oyè sílẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 1949, ìgbà tí 1950 sì ń lọ sópin ni ó tó padà.

Ogún ọdún lẹ́yìn èyí ni Àgbẹ́kọ̀yà dé. Ní 1968 àti 1969, àwọn àgbẹ̀ Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹ̀gbá àti àwọn ìlú mìíràn sọ pé owó kòkó kò tó nǹkan, síbẹ̀ owó-orí ń ga sí i, àwọn agbowó-orí sì ń lé ènìyàn kiri oko. Ní oṣù keje 1969, àwọn tí inú ń bí pa Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó wà lórí oyè. Ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi ní Ìbàdàn, wọ́n sì tú àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀. Ìgbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí ó jẹ́ kọmíṣánnà ìṣúná ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, wọ inú igbó lọ bá Tàfá Adéoyè àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni ọ̀rọ̀ tó lójú. Ìjọba Adéyínká Adébáyọ̀ gbà kí owó-orí di £2.

Bí a bá wo gbogbo ìjà wọ̀nyí, ẹ̀sùn kan ni ó ń padà wá nínú wọn: iye tí wọ́n ń gbà kò bá ohun tí ó ń wọlé fún ènìyàn mu. Ẹni tí kòkó rẹ̀ so àti ẹni tí kòkó rẹ̀ kú ń san ohun kan náà. Ó sì tún ku nǹkan kan tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Láyé ìgbà náà, ẹni tí ó bá san owó-orí ní ìwé lọ́wọ́. Bí akódà bá dá a dúró lójú ọ̀nà, ìwé yẹn ni yóò fa yọ, wọn a sì jẹ́ kí ó máa lọ. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá sọnù lè san lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, abẹ́ àpótí ni àwọn baba wa ń tọ́jú rẹ̀ sí.

OWÓ TÍ A Ń YỌ KÍ Ó TÓ DÉ ỌWỌ́

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí owó-orí gbà dé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́. Ní oṣù kẹrin 1944, nígbà tí ogun àgbáyé kejì ń lọ lọ́wọ́, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ètò PAYE. Agbanisíṣẹ́ ni yóò yọ owó-orí lára owó oṣù, òun náà ni yóò sì fi ránṣẹ́ sí ìjọba. Díẹ̀díẹ̀ ni ìlànà yìí wọ Nàìjíríà. Òfin 1961 pín ẹ̀tọ́ gbígba owó-orí láàrin àwọn ìjọba, Decree 104 ti 1993 sì wá di òfin owó-orí ẹnìkọ̀ọ̀kan jákèjádò orílẹ̀-èdè.

Ètò yìí dáhùn ẹ̀sùn àwọn baba wa, nítorí pé bí owó tí ó ń wọlé fún ènìyàn bá ṣe tó ni owó-orí rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Kò sí ẹni tí ó ń sá wọ igbó mọ́. Ṣùgbọ́n ó gba ohun kan lọ́wọ́ wa, ìwé náà ni. Ẹni tí wọ́n yọ owó rẹ̀ kò rí owó náà rí, kò bá agbowó-orí pàdé, ẹnikẹ́ni kò sì fún un ní rìsíìtì. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni ó ti san owó-orí fún ọdún mẹ́wàá tí kò lè fi ìwé kan ṣoṣo gbè é lẹ́sẹ̀. Àwọn agbanisíṣẹ́ kan sì wà tí ń yọ owó náà tí wọn kì í fi ránṣẹ́, bẹ́ẹ̀ òfin ní kí wọ́n san án kí ọjọ́ kẹwàá oṣù tí ó tẹ̀lé e tó kọjá.

ÀWA TÍ A WÀ NÍ GWAGWALADA

Àwọn kan nínú wa rò pé ìpínlẹ̀ tí a ti wá ni owó-orí wa ń lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí ènìyàn ń gbé ni òfin ń wò, Decree 1993 sì fi ibi tí ènìyàn ń gbé ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún ṣe òdiwọ̀n. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó ń gbé Gwagwalada, FCT ni yóò san án fún. Ẹni tí ó ń gbé Suleja tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, ìpínlẹ̀ Niger ni ó ni tirẹ̀. Ti Mararaba, Nasarawa ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, FIRS ni ó ń gba owó-orí àwa ará FCT, kí òfin 2015 tó dá FCT-IRS sílẹ̀. Nítorí náà, bí ọmọ bá kó láti ìpínlẹ̀ kan wá sí òmíràn, kí ó béèrè ibi tí agbanisíṣẹ́ rẹ̀ ń fi owó náà ránṣẹ́ sí.

NÍGBÀ TÍ WỌ́N BÁ YỌ JÙ

Òfin owó-orí tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2025 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 2026. Ó ní ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí a ó bu owó-orí lé lọ́dún kò ní owó-orí, kí a sì gba náírà 15 nínú 100 lórí ₦2,200,000 tí ó tẹ̀lé e. Ẹni tí owó rẹ̀ kò ju owó oṣù tí ó kéré jù lọ lábẹ́ òfin, èyí tí ó di ₦70,000 ní 2024, kò ní san rárá.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Ká ní ọmọbìnrin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àkọ́kọ́ ní oṣù kẹsàn-án, tí ó ń gba ₦150,000 lóṣù. Kí a fi owó ìfẹ̀yìntì àti owó ilé sílẹ̀ ná, kí ìṣirò má baà dojú rú. Bí akọ̀wé owó bá ṣe é bí ẹni pé odidi ọdún ni ó fi ṣiṣẹ́, yóò ní ₦1,800,000 ni owó rẹ̀. Yóò yọ ₦800,000 kúrò, yóò ku ₦1,000,000. Owó-orí rẹ̀ á jẹ́ ₦150,000 lọ́dún, ìyẹn ₦12,500 lóṣù. Láàrin oṣù mẹ́rin, wọ́n ti yọ ₦50,000. Ṣùgbọ́n ₦600,000 péré ni ó gbà ní ọdún náà. Bí kò bá sí owó mìíràn tí ó wọlé fún un, kò jẹ ìjọba ní kọ́bọ̀. Owó rẹ̀ ni ₦50,000 yẹn.

Ǹjẹ́ ó lè gbà á padà? Ó lè gbà á. Òfin FIRS ti 2007 ti sọ pé kí wọ́n yẹ ìwé wò, bí wọ́n bá sì ti gbà pé àsanjù ni, kí wọ́n dá a padà láàrin 90 ọjọ́, tàbí kí wọ́n fi san owó-orí tí ń bọ̀. Òfin 2025 kò mú ẹ̀tọ́ àtigba àsanjù padà kúrò. Ṣùgbọ́n owó náà kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá. Ẹni tí ó ni ín ni yóò kọ̀wé béèrè.

Ohun tí a ń bẹ àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n ṣe kò pọ̀. Kí wọ́n gba nọ́ńbà owó-orí. Kí wọ́n tọ́jú payslip oṣooṣù àti ìwé báńkì. Bí ọdún bá parí, tàbí bí wọ́n bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ tí yóò fi iye tí wọ́n yọ hàn. Kí wọ́n kọ iye tí ó wọlé fún wọn ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì owó-orí kí ọjọ́ 31 oṣù kẹta tó kọjá, kí wọ́n béèrè àsanjù, kí wọ́n sì gba ẹ̀dà tí ọ́fíìsì lu òǹtẹ̀ sí. Bí agbanisíṣẹ́ kò bá fi owó náà ránṣẹ́, ibẹ̀ ni àṣírí yóò ti tú. Ìwé wọ̀nyí ni wọn yóò tún fi gba ìwé ẹ̀rí owó-orí ọdún mẹ́ta, tí ìjọba ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ gba iṣẹ́ kọngílá tàbí ìwé ilẹ̀.

Àwọn baba wa fi ẹ̀mí jà nítorí owó-orí tí kò tọ́. Ìwé ni a fi ń ja tiwa. Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, kí ó mú payslip rẹ̀ wá sí ìpàdé. Àwa òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó wà nínú ẹgbẹ́ yìí yóò bá a kà á láìgba kọ́bọ̀. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn jẹ.