Ta Ni Yóò Ka Ti Deacon Jones?

Iyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀ láàrin wa ní Adéwọlé, Ìlọrin: nínú bọ́ọ̀lù NFL ti Amẹ́ríkà, ta ni ọ̀gá àwọn adènà iwájú?

Àwọn kan ní Bruce Smith ni. Láti 1985 sí 2003, ìgbà 200 ló gbé ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù ṣánlẹ̀. Adéwálé Ògúnléye, ọmọ Yorùbá tí a bí sí Brooklyn, ṣe é nígbà 15 ní 2003.

Ṣùgbọ́n 1982 ni NFL bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Deacon Jones ti fẹ̀yìn tì ní 1974. Ṣé òdo ni tirẹ̀?

Àwa tó ń kọ́ ìtàn àtẹnudẹ́nu mọ̀ pé àìkọsílẹ̀ kì í ṣe àìṣẹlẹ̀. Ká tó fi iye dájọ́ àgbà, ká kọ́kọ́ bi í: ìgbà wo ni kíkà bẹ̀rẹ̀?