Ọmọ Lọ Ilé-Ìwé, Ìwé Kò Bá A Délé

Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ pé ta ló mú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wá sí ilẹ̀ Yorùbá, Awólọ́wọ̀ ni yóò dárúkọ, kò sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé àbá náà lọ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìbàdàn ní oṣù keje ọdún 1952, ọmọ Awà-Ìjẹ̀bú ni, nítòsí Òru àti Àgọ́-Ìwòyè: Stephen Olúwọlé Awókòyà. Ọ̀dọ̀ wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó ló ti gbéra. Nígbà tí wọ́n dá Molusi College sílẹ̀ ní 1949, òun ni ọ̀gá àkọ́kọ́ níbẹ̀. Táí Ṣólàrín ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ló bọ́ sí ipò náà ní 1952, ó wà níbẹ̀ títí di 1955 tí ọ̀rọ̀ ìsìn fi lé e kúrò, tó sì lọ dá Mayflower tirẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1956. Ilé-ìwé kan ṣoṣo láàárín oko kòkó àti oko obì, ọ̀gá méjì bẹ́ẹ̀ léraléra! Ọmọ Japara ni mí, ọ̀kan nínú ìlú márùn-ún tó para pọ̀ di Ìjẹ̀bú-Igbó, a sì máa ń fi èyí yangàn. Ó tọ́ sí wa. Apá ibi tí a kì í sọ dé nígbà tí a bá ń yangàn ni mo fẹ́ sọ.

Ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ní 1954, ọmọ 456,600 ló wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Lọ́dún tó tẹ̀lé e wọ́n ti di 811,432. Olùkọ́ kò kárí, àga kò kárí, síbẹ̀ ọmọ mọ̀wé. Èmi náà jẹ àǹfààní rẹ̀. Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ ni mo fi mọ̀wé kà. Mo kà á tán, mo tún un kà, ó tún parí. Kí ló wá kù? Nílé wa, Bíbélì wà, ìwé orin wà, káléńdà ìjọ wà lára ògiri. Bébà tí ìyá alákàrà fi ń di àkàrà ni ìwé ìròyìn tiwa, ẹ sì gbọ́dọ̀ yára kà á kí òróró tó mu ún. Ọmọ tó bá ka ìwé mẹ́fà tán tí kò rówó wọ Molusi, ó di oko, ó di iṣẹ́ ọwọ́, ó di ilé ìlagi. Mo mọ àwọn tí a jọ jókòó ní kíláàsì kan náà tó jẹ́ pé, nígbà tí wọ́n fi bímọ mẹ́ta, orúkọ wọn nìkan ni wọ́n lè kọ mọ́.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò rí i tẹ́lẹ̀. Ní 1949, ọdún tí Molusi bẹ̀rẹ̀ gan-an, UNESCO gbé ìkéde kan jáde lórí ilé ìkàwé tí gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ sí: ọ̀fẹ́ ni kó jẹ́, tọmọdé tàgbà ni kó máa wọlé, kó sì máa kọ́ àwọn tí ọjọ́ orí ilé-ìwé ti kọjá lórí wọn. Ní Gold Coast, tí í ṣe Gánà òde òní, òfin ilé ìkàwé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1950. Obìnrin kan, Evelyn Evans, ni wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀, ó sì ń di ìwé sínú àpótí, ó ń fi mọ́tò gbé e lọ bá àwọn ará ìgbèríko. Ní oṣù keje sí oṣù kẹjọ ọdún 1953, Ìbàdàn níbí gan-an ni UNESCO kó àwọn onímọ̀ jọ sí láti jíròrò bí irú ilé ìkàwé bẹ́ẹ̀ yóò ṣe gbilẹ̀ ní Áfíríkà. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín ara wọn sí: àwọn kan gbé ọ̀rọ̀ ìṣètò, àwọn kan gbé ọ̀rọ̀ ìwé àti àwòrán tó bá àwọn òǹkàwé wa mu, àwọn yòókù gbé ọ̀rọ̀ bí a ó ṣe kọ́ òṣìṣẹ́. Enugu ṣe òfin tirẹ̀ ní 1955, UNESCO sì fi ibẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Lọ́dọ̀ tiwa, abẹ́ ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ni ilé ìkàwé wà, bí àbúrò tó ń dúró de ohun tí ẹ̀gbọ́n bá jẹ kù. Ẹ̀gbọ́n náà sì ní ọmọ tó lé ní ọ̀kẹ́ ogójì láti bọ́. N kò dá Awókòyà lẹ́bi, mo kàn ń sọ ibi tí owó lọ ni.

Àwọn ènìyàn wa kò dúró de Ìbàdàn, òun ló dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn yìí. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmagbọn ní 1892, tí ìjọ àti ilé-ìwé wá ń wọ inú ìlú wa, kíláàsì ABD ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìrìbọmi, bàbá àgbà sì ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà pẹ̀lú ọmọ ọmọ rẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí ní ilé kéú tiwọn. Nígbà tó yá, ẹ̀kọ́ àgbà dé, alẹ́ ni wọ́n ń ṣe é, lábẹ́ àtùpà gáàsì, nínú kíláàsì tí àwa ọmọdé ti lò lọ́sàn-án. Ìyá mi lọ. Obì ló ń tà, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa bá òun ka nọ́ńbà ara ìwọ̀n mọ́. Àwọn mìíràn lọ nítorí lẹ́tà: ọmọ wà ní Èkó, ó kọ̀wé wálé, akọ̀wé lẹ́tà ló sì ń kọ́kọ́ gbọ́ àṣírí ilé. Ohun tó mú wọn lọ kò ju báyìí lọ. Kò sẹ́ni tó fi ìfẹ́ ìmọ̀ tàn wọ́n.

Ìyá mi á gbé ìwé rẹ̀ délé, á ní kí n wá gbọ́ ọ. Bí mo bá tún ohùn rẹ̀ ṣe, á wò mí láti òkè délẹ̀: “Ṣé ìwọ lo bí mi ni?” Ṣùgbọ́n á tún un kà.

Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ni ibòmíràn. Ẹnì kan á ra ìwé ìròyìn Yorùbá, wọ́n á pe ọmọ tí ẹnu rẹ̀ bá já gaara kó kà á sókè. Ọmọ mọ lẹ́tà, kò mọ ọ̀rọ̀. Àgbà mọ ọ̀rọ̀, kò mọ lẹ́tà. Bí ọmọ bá ka orúkọ òṣèlú kan, àgbà kan á ní, “Dúró ná. Ẹni yẹn, èmi mọ bàbá rẹ̀,” ìtàn á sì bẹ̀rẹ̀, ìwé ìròyìn á dúró. Mo gbọ́ ìtàn Ìjẹ̀bú níbẹ̀ ju ibi tí mo ti kọ́ ọ ní ilé-ìwé lọ.

Nígbà tí mo di olùkọ́, wọ́n gbé mi lọ sí etí omi, ní apá Abigi àti Iwopin tí a ń pè ní Ogun Waterside báyìí. Páálí ìwé kan ni mo gbé dání, Àwòrẹ́rìn-ín ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìwé àwọn ọmọdé tí ẹ̀ka ìtẹ̀wé ìjọba ń tẹ̀ ní Ìbàdàn láyé ìgbà kan. Mo rò pé àwọn ọmọ ni yóò rọ́ wá. Àwọn apẹja ló kọ́kọ́ wá, nítorí àwòrán. Wọ́n ṣí i, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n sọ ohun tí ibẹ̀ wí, lọ́jọ́ kejì wọ́n fa ọmọ wọn lọ́wọ́ wá. Ìwopin yìí kan náà ni ìjọba àpapọ̀ ti kọ́ ilé iṣẹ́ pépà, pépà ìkọ̀wé àti ìtẹ̀wé ni wọ́n ní yóò máa ti ibẹ̀ jáde. Wọ́n gbin igi gmelina lọ súà sínú igbó Ọmọ̀ nítorí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà kò ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe pète rẹ̀. Àwọn onípákó ló ń gé gmelina náà tà. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n kò pa mí lẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976, Abẹ́òkúta ni olú ilé ìkàwé ìpínlẹ̀ wà. Gómìnà Olabisi Onabanjo dá yunifásítì sílẹ̀ sí Àgọ́-Ìwòyè ní 1982, orúkọ rẹ̀ ló ń jẹ́ láti 2001. Ní 2017, wọ́n ṣí ilé ìkàwé Ọbásanjọ́, ti ààrẹ, ní Abẹ́òkúta bákan náà. Ó dára, ṣùgbọ́n ọmọ Makun-Omi ní etí omi lọ́hùn-ún kì í ti ilé-ìwé bọ̀ kó yà sí Abẹ́òkúta. Ilé ìkàwé yunifásítì, ti akẹ́kọ̀ọ́ ni, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ọmọ mi obìnrin wà ní London, ní Peckham, níbi tí Yorùbá pọ̀ sí. Ilé ìkàwé tí wọ́n ṣí níbẹ̀ ní 2000 gba ẹ̀bùn Stirling, ẹ̀bùn àwọn ayàwòrán ilé, lọ́dún yẹn kan náà. Nígbà tí mo bá a lọ, kì í ṣe ẹwà ilé ni mo wò. Àwọn ìyá gbé ọmọ ọwọ́ wá gbọ́ orin àti ìtàn, àwọn ọmọ ilé-ìwé ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, àgbàlagbà kan ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà. Ọmọ mi ní, “Màámi, ẹ ò rí bí wọ́n ṣe lajú?” Mo ní ìyá rẹ̀ àgbà ti ṣe é rí, lábẹ́ àtùpà gáàsì.

Ìdí tí mo fi kọ èyí nìyí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ Molusi, ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ láti Japara dé Àgọ́-Ìwòyè, àti ẹ̀yin ará etí omi ní Abigi: ẹ má wulẹ̀ kọ́ ilé tuntun. A ní kíláàsì tó ń ṣófo láti aago méjì ọ̀sán, a ní olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì tó jókòó sílé. Ẹ ra ìwé Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ fi iná oòrùn sí yàrá kan, ẹ san owó fún ẹnì kan tí yóò máa ṣí ilẹ̀kùn, kí ọmọdé wọlé ní ọ̀sán, kí àgbà wọlé ní alẹ́. Owó aṣọ ẹgbẹ́ ọdún kan tó o ṣe.