"Approximately": Súnmọ́ Kọ́ Ni Dé

Bí oníròyìn bá ń sọ iye èrò, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀: "approximately". Èdè Látìn ni orírun rẹ̀. "Ad" túmọ̀ sí "sí". "Proximus" túmọ̀ sí "èyí tó súnmọ́ jù lọ". Nígbà tí ìpìlẹ̀ rẹ̀, "approximate", wọ inú Gẹ̀ẹ́sì ní sẹ́ńtúrì kẹẹ̀ẹ́dógún, kí a gbé nǹkan súnmọ́ òmíràn ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ìgbà tó yá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún iye.

Yorùbá ní tirẹ̀: "nǹkan bí". Ẹni tó sọ pé nǹkan bí igba ènìyàn ló wá sí ìnáwó kò purọ́ bí iye wọn bá jẹ́ márùndínnígba. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jẹ́ ọgọ́fà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò súnmọ́ òótọ́ mọ́.

Ìtàn Alímọ̀ṣọ́ fi èyí hàn. Nínú ìkànìyàn oṣù kẹta ọdún 2006, àjọ ìkànìyàn ìjọba àpapọ̀ ní 1,277,714 ni àwọn ará ibẹ̀. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, lábẹ́ Gómìnà Bọ́lá Ahmed Tinúbú, gbé iye tirẹ̀ jáde: 2,047,026. Àlàfo àárín méjèèjì jẹ́ 769,312, ó sì ju ìdá kan nínú mẹ́ta iye tí Èkó kà lọ. Ìjọba méjèèjì kọ iye wọn dé orí ẹnìkan ṣoṣo. Kò sí èyí tó fi "nǹkan bí" síwájú rẹ̀. Síbẹ̀, ó kéré tán, ọ̀kan nínú wọn jìnnà sí òótọ́. Iye tó rí geere kì í ṣe ẹ̀rí pé ó tọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Iye ènìyàn wà lára ohun tí wọ́n fi ń pín owó ìjọba àpapọ̀. Èkó pín Alímọ̀ṣọ́ sí mẹ́fà ní 2003, Ìkòtún àti Ìgàndó sì bọ́ sí abẹ́ ọ̀kan. Àmọ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo ni òfin Nàìjíríà ṣì mọ̀ ọ́n sí. Ìkànìyàn tí wọ́n ti ṣètò fún ọdún 2023 náà kò wáyé.

Nítorí náà, ẹni tó bá gbọ́ "approximately" lórí iye àwọn ará Ẹgbẹ́dá tàbí Ìkòtún ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé: báwo ló ṣe súnmọ́ tó, ta sì ló kà á?