Okùn Bíríkìlà àti Igun Ilé ní Bódìjà

Kí ẹnikẹ́ni tó da kọnkéré sí ìpìlẹ̀ ilé kan ní Bódìjà, okùn ni ó kọ́kọ́ dé orí ilẹ̀ náà. Nígbà tí Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, dá Kọpọréṣọ̀n tí yóò máa kọ́ ilé fún ará ìlú sílẹ̀ ní ọdún 1958, tí oko ẹ̀yìn Ìbàdàn, ìlú Olúyọ̀lé, sì bẹ̀rẹ̀ sí í di àdúgbò tí ilé rẹ̀ tò bí eyín, iṣẹ́ bíríkìlà ni láti wọn ẹsẹ̀ bàtà 3 sí apá kan èèkàn, kí ó wọn 4 sí apá kejì, kí ó sì máa sún okùn títí ìdábùú rẹ̀ yóò fi jẹ́ 5 géérégé, kí ó tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé igun ilé ti gún.

Òtítọ́ yìí gan-an ni òfin onígun mẹ́ta ti Pythagoras ará Gíríìkì, tí èmi àti ẹgbẹ́ mi há sórí nítorí pàṣán. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: bíríkìlà ní okùn, kò ní ìdí rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ń ka ìdí náà lẹ́nu, kò fọwọ́ kàn án rí.

Ní ọdún 1962, àwọn olùkọ́ ilẹ̀ Áfíríkà, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ láti Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba, péjọ sí Entebbe ní Yùgáńdà láti kọ ìwé ìṣirò tuntun, kí ọmọ lè lóye kàkà kí ó há. Ṣùgbọ́n ìwé náà yára ju ìmúrasílẹ̀ àwọn olùkọ́ lọ, àwọn òbí ń kùn, Ìjọba Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ sì fòpin sí i ní ọdún 1977. Ó dùn mí pé, bí wọ́n ti ń lé ìwé náà lọ, wọ́n lé èrò rere inú rẹ̀ pẹ̀lú.

Síbẹ̀, mo rí olùkọ́bìnrin kan ní Agbowó tí kò dárúkọ Pythagoras rárá. Bébà gíráàfù àti àlùmọ́gàjí ni ó pín. Àwọn ọmọ gé onígun mẹ́rin ọlọ́gbọọgba mẹ́ta láti ara ẹ̀gbẹ́ onígun mẹ́ta kan tí ó jẹ́ 3, 4 àti 5: ọ̀kan ní àpótí 9, èkejì 16, ẹ̀kẹta 25. Ọmọbìnrin kan gbé 16 lé igun 25, ó gé 9 sí ọ̀já mẹ́ta, ó tún gé ọ̀kan nínú wọn sí méjì, ó sì tò wọ́n sí àyè tí ó ṣẹ́ kù. "Àǹtí, ó kún!" Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n tún fi onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 4, 5 àti 6 dán an wò. Lọ́tẹ̀ yìí, àpótí 5 ṣẹ́ kù sí wọn lọ́wọ́. Gbogbo kíláàsì sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo igun onígun mẹ́ta náà.