Ta Ni Yóò Lu Ìlù Náà? Èrò Àwọn Òǹwòran Ṣaworoidẹ ní Sùúrùlérè, Yábàá àti Muṣin

Àṣamọ̀
Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ohun tí àwọn òǹwòran ń sọ nípa Ṣaworoidẹ, fíìmù òṣèlú tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1999. Mo to èrò wọn sí ọ̀nà mẹ́ta, mo sì fi fíìmù náà wé V for Vendetta. Ohun tí mo rí dì mú ni pé àríyànjiyàn wọn kò dúró sórí ọba tó burú. Orí ẹni tí yóò mú ọba pa májẹ̀mú mọ́ ló dá lé.

Ìfáárà
Ní 1964, Hubert Ògúndé gbé eré Yorùbá Ronú jáde. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè S. L. Akíntọ́lá jẹ́ olórí rẹ̀, fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré Ògúndé. Nígbà yẹn, Yábàá àti Sùúrùlérè wà lábẹ́ Èkó tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn ló ń darí Muṣin. Òfin tó múlẹ̀ ní Muṣin kò lágbára ní Yábàá, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ lásán ni ènìyàn lè fi rìn láti ọ̀kan dé èkejì. Ọdún 1966 ni Fájuyì, gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn, ká òfin náà kúrò. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará agbègbè yìí ti mọ̀ pé eré lè ba aláṣẹ lẹ́rù.

Ìtàkúrọ̀sọ ni mo gbé iṣẹ́ yìí kà, kì í ṣe ìwé ìbéèrè. Nítorí náà, n kò ka iye, n kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Májẹ̀mú Jogbo
Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ìtàn fíìmù náà. Orúkọ ìlú inú rẹ̀ ni Jogbo, ẹni tó bá sì gbọ́ Yorùbá mọ ohun tó ń korò bí jogbo. Májẹ̀mú wà láàárín ọba àti ará ìlú: wọ́n gbọ́dọ̀ sín ọba ní gbẹ́rẹ́ kó tó gorí ìtẹ́. Bí ọba tí kò ṣe orò náà bá dé adé idẹ, tí wọ́n sì lu ìlù ṣaworoidẹ, orí yóò fọ́ ọ títí yóò fi kú.

Lápìtẹ́, ọba tí Kọ́lá Oyèwọ̀ ṣe, kọ gbẹ́rẹ́ náà nítorí pé owó ló bá dé orí oyè. Àwọn agégẹdú ń wó igbó ìlú, òun àti àwọn ìjòyè rẹ̀ ń pín owó ẹ̀yìn. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ gbé adé lọ, ó bẹ ológun lọ́wẹ̀ láti gbà á padà. Ológun náà, tí Kúnlé Bámtẹ́fà ṣe, gba adé, ó pa Lápìtẹ́, ó sì fi ara rẹ̀ jọba. Ọjọ́ tó dé adé náà ni Àyánníyì, ọmọ onílù, lu ṣaworoidẹ. Adé kò kúrò lórí rẹ̀ títí ó fi ṣubú.

Ọ̀nà mẹ́ta tí èrò pín sí
Àwọn àkọ́kọ́, pàápàá àwọn àgbà Sùúrùlérè, rí ìtàn ìjọba ológun nínú rẹ̀. Oṣù Kẹfà 1998 ni Abacha kú. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 1999 ni ológun gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá. Ẹni tó wo fíìmù náà lọ́dún yẹn kò nílò ògbufọ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n àlàyé yìí kò sọ ìdí tí àwọn tí a kò tíì bí nígbà náà fi ń wò ó títí dòní.

Àwọn ìkejì sọ pé ìbúra ni kókó. Àgbà onílù kan ní Muṣin gbé ìyáàlù dùndún sórí itan, wọ́n fi ìka kan àwọn ṣaworo tó yí ojú rẹ̀ ká, ó ń dún wóroworo. Wọ́n ní bí a bá yọ ṣaworo kúrò, ìlù á ṣì sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ á gbẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni oyè tí kò ní ìbúra nínú. Àwọn onígbàgbọ́ kan fara mọ́ èyí, síbẹ̀ orò gbẹ́rẹ́ kò bá wọn lára mu. Wọ́n ní Bíbélì àti Kùránì náà ni wọ́n ń gbé lé olóṣèlú lọ́wọ́ láti búra, ọ̀pọ̀ sì ń da ìbúra náà láì sí ohun tó ṣe wọ́n.

Ìkẹta ni ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yábàá. Lójú wọn, ìlù yẹn rọrùn jù. Ọba kú, ṣé igbó tí wọ́n ti gé máa hù padà lọ́jọ́ kejì? Àwọn ìjòyè tó pín owó gẹdú ńkọ́? Àwọn tó jáde sójú títì ní oṣù Kẹwàá 2020 láti tako ìwà ipá ọlọ́pàá wà lára àwọn tó ń béèrè bẹ́ẹ̀, ìbéèrè wọn sì tọ́.

Ìlù àti ìbòjú
Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí kan náà ló máa ń dárúkọ V for Vendetta. Alan Moore ló kọ ìwé ìtàn aláwòrán náà, David Lloyd ló ya á. 1982 ló bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì. James McTeigue sọ ọ́ di fíìmù tó jáde káàkiri ní 2006, ṣùgbọ́n Moore kò gbà kí wọ́n kọ orúkọ òun sí i. Ní ìparí rẹ̀, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn da ìbòjú kan náà bojú, wọ́n ń wọ́ lọ síbi ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin.

Ìyàtọ̀ wọn hàn níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ló lè da ìbòjú bojú. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n. Ṣaworoidẹ kò gba bẹ́ẹ̀. Ọmọ Àyàn tó ti kọ́ ọ ló lè lù ú, gbogbo ìlú sì mọ ilé tó ti wá. Ìbòjú ń fún ogunlọ́gọ̀ ní ìgboyà. Ìlù ń béèrè ìmọ̀.

Àgbálọgbábọ̀
Kèlání àti Ìṣọ̀lá ti gbọ́ ìbéèrè àwọn ará Yábàá ṣáájú. Nínú Agogo Èèwọ̀, tó tẹ̀ lé e ní 2002, ọba tuntun jẹ, ó sì bá àwọn ìjòyè oníwàìbàjẹ́ láàfin. Ìlù pa ọba kan. Kò fọ ààfin mọ́.

Èrò tèmi ni pé ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nílò ara wọn. Àwọn àgbà rántí ohun tí ológun ṣe, àwọn onílù mọ ohun tí májẹ̀mú sọ, àwọn ọ̀dọ́ kò sì gbà kí wọ́n fi ikú ẹnì kan ṣoṣo tan àwọn jẹ. Àyánníyì kò kọ́ ìlù lọ́jọ́ tí ológun dé adé. Ó ti ń kọ́ ọ láti ìgbà tí ìlú rò pé ìlù náà ti sọnù. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí á máa kọ́ ọmọ wa ní ohun tí aláṣẹ búra láti ṣe, kí ọjọ́ ìwúyè tó pé.